Ọjọ́ Tí Ọdẹkúnlé Pa Alága

Bí èèyàn bá dé Ayétòrò lónìí, tó ní òun ń béèrè Ọdẹkúnlé tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọn ò ní kọ́kọ́ sọ fún un pé ọkùnrin náà ti kú. Ohun tí wọn á kọ́kọ́ sọ ni pé òun ló pa Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, lọ́sàn-án gangan, níwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé nígbà tí Alága kú tán, ó ń hanrun.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní katakata kan ṣoṣo tó ń túlẹ̀ fún gbogbo wọn, láti Ayétòrò dé Imasayi, títí dé Ìwòyè-Kétu lẹ́nu bodè. Katakata kan, àgbẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún. Inú ìwé kan ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó kàn sí, ọwọ́ Bàrúwà akọ̀wé sì ni ìwé náà ń gbé. Ohun ìyanu tó wà lára ìwé yìí ni pé bó bá ti kan àwọn obìnrin Imasayi báyìí, ìwé á sọnù. Á sọnù títí òjò àkọ́rọ̀ á fi lọ tán, kí wọ́n tó rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàrúwà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Màmá Sàlímọ́tù, olórí àwọn obìnrin náà, fi ń fi ọkọ́ kọ ebè, tí àgbàdo wọn ń yọ orí jáde nígbà tí ti àwọn ẹbí Bàrúwà ti ń yọmọ.

Nígbà tí ariwo pọ̀, ẹgbẹ́ ní kí Ọdẹkúnlé bá àwọn ṣe sọ́fítíwíà tí yóò máa to orúkọ, èyí tí kò lè sọnù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni. Wọ́n péjọ láti wò ó. Wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà ni yóò gbé wá, àmọ́ páálí ṣọ́ọ̀kì ló gbé wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ilà roboto mẹ́rin sórí sìmẹ́ǹtì.

"Kí lèyí?" Alága bi í. Àlàájì Mùnírù lorúkọ Alága, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì sanra dáadáa.

"Sọ́fítíwíà yín ni, bàbá."

"Èwo ni sọ́fítíwíà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin fúnra yín ni. Ẹ wọlé, ẹ dúró."

Ó to wọ́n. Màmá Sàlímọ́tù dúró nínú roboto àkọ́kọ́, òun ni àgbẹ̀ tó ń béèrè katakata. Bàrúwà wà nínú ìkejì, òun ni ẹnu ọ̀nà tó ń wò ó bóyá ọmọ ẹgbẹ́ lẹni tó ń béèrè. Ìkẹta ni ilé ìpamọ́, níbi tí orúkọ gbogbo wọn àti ọjọ́ tó kan kálukú wà. Ìkẹta yìí ló tóbi jù, Alága sì ní kò sẹ́ni tó tọ́ kó dúró síbẹ̀ bí kò ṣe òun. Ṣàíbù awakọ̀ katakata wà nínú ìkẹrin. Ọdẹkúnlé kó àgbàdo lé Màmá Sàlímọ́tù lọ́wọ́. Màmá fún Bàrúwà ní ẹyọ kan, Bàrúwà fún Alága, Alága ronú bí ẹni tó ń ṣèdájọ́, ó fún Ṣàíbù, Ṣàíbù sì fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Bàrúwà ti ń wo apá ibi tí ohun mímu wà.

"Ó dáa," Ọdẹkúnlé wí, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Bàbá Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ ti kú."

Rodiat, ọmọ Ìlaró tó ń bá Ọdẹkúnlé ṣiṣẹ́, wà lẹ́yìn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Òun ló máa kọ sọ́fítíwíà náà, kò sì tíì ju oṣù méjì tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ì bá kó sí i.

"Ọdẹkúnlé," Alága fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é, "ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Bí ẹ ò bá kú níhìn-ín lónìí, oṣù kẹrin lẹ máa kú, nígbà tí òjò bá ti dé, tí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ń retí katakata. Èwo lẹ fẹ́ níbẹ̀?"

Bàrúwà ní wọn kì í bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oòrùn ti mú Alága, ẹsẹ̀ sì ti ń dùn ún. Ó wo ìborùn tí Màmá Sàlímọ́tù tẹ́ sílẹ̀ fún un, ó rò ó wò, ó sì kú. Ọdẹkúnlé ní kí iṣẹ́ máa lọ. Màmá fún Bàrúwà ní àgbàdo. Bàrúwà yíjú sí Alága, kò rí ẹni tó máa gbà á. Màmá tún fún un ní òmíràn, ó tún fún un ní òmíràn, kò sí ohun tó dùn mọ́ Màmá lọ́jọ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó máa fi tó ẹyọ méje, àgbàdo ti ń jábọ́ láyà Bàrúwà. Ṣàíbù ń béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, oko ta ni kí n gbé katakata lọ?" kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ìhanrun.

"Ẹ wò ó," Ọdẹkúnlé wí. "Ọ̀ọ́dúnrún àgbẹ̀, àwa la gbé gbogbo wọn lé ẹnì kan lórí. Ẹni náà kú, ó tún ń sùn. A ò tíì kọ lẹ́tà kan sínú kọ̀ǹpútà, a sì ti rí ibi tó máa wó."

Ó fa roboto karùn-ún, ó ní ilé ìpamọ́ kejì gbọ́dọ̀ wà, tí yóò máa da gbogbo ohun tó bá wà lọ́wọ́ àkọ́kọ́ kọ, tí yóò sì gba iṣẹ́ bí àkọ́kọ́ bá kú. Bàrúwà ní òun ni igbákejì Alága nínú ohun gbogbo, kí wọ́n gbé e wá sílé òun. Ọdẹkúnlé ní ilé Bàrúwà àti ọ́fíìsì ń mu iná lára òpó kan náà, iná tó bá jó ibí á jó ọ̀hún. Ó ní Imasayi ló ń lọ, sí ilé Màmá Sàlímọ́tù. Wọ́n wá jí Alága dìde. Alága fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pín àgbàdo padà bó ṣe rántí rẹ̀, Ọdẹkúnlé dá a dúró. "Rárá, bàbá. Ẹ kọ́kọ́ bi Màmá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó sùn kì í bá ẹni tí kò sùn jiyàn." Òfin yẹn ni Rodiat kọ sínú sọ́fítíwíà náà, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ọdẹkúnlé tún fa ilà kan yí ilé ìpamọ́ ká, ó ní ògiri nìyí, kí ohun tó bá ń yára má bàa kan orúkọ.

Ní ti Alága, ikú náà bá a lára mu. Títí dòní, bó bá fẹ́ sọ ọjọ́ orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, á ní, "Wọ́n bí i lọ́dún tí mo kú."

Ọmọ bíbí Ayétòrò ni Ọdẹkúnlé. Ó ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó fún ọdún mọ́kàndínlógún, ní ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí òun náà kì í dárúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé sọ́fítíwíà tí wọ́n ń kọ́ ò ní ju òpó kan lọ. Wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n lé e jáde ní yàrá ìpàdé. Nígbà tí òpó náà wó, wọ́n tún pè é padà pé kó wá fi ìdúróṣinṣin sí i. Ọdẹkúnlé bi wọ́n pé, "Mọ́ínmọ́ín tó ti jinná, tí ẹ gbàgbé iyọ̀ sí, ta ló ń bu iyọ̀ wọ́n ọn lórí?" Ó di ẹrù rẹ̀, ó ń bọ̀ nílé.

Ní Ayétòrò, ẹnu rẹ̀ ò kúrò lórí ìbéèrè kan: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbá Ńkọ́. Bí ìjọ bá ń kan òrùlé, á dúró sísàlẹ̀, á ní bí atẹ́gùn bá gba ẹ̀yìn wá ńkọ́? Bí wọ́n bá ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé lórí ọ̀kadà, á bi ọlọ́kadà pé bí táyà bá fọ́ ńkọ́? Lábísí ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sọ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ tí Ọdẹkúnlé wá mọ bàbá Lábísí, tí wọ́n ti gbé àga fún un, tí wọ́n ti gbé omi fún un, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Bàbá, bí ọmọ yín bá kọ̀ mí lẹ́yìn ọdún kejì ńkọ́?" Bàbá Lábísí wò ó tìtì, ó ní, "A jẹ́ pé orí ẹ̀ pé."

Kí iṣẹ́ katakata tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Èkó méjì gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n wá bá ẹgbẹ́ pé kí wọ́n gbé e fún àwọn. Wọ́n de táì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri wá. Sọ́fítíwíà tiwọn máa yára, ó máa rẹwà, kò ní gbàgbé nǹkan kan, olè ò ní lè wọ̀ ọ́, ọmọ kékeré á lè lò ó, á sì parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Inú Bàrúwà dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ náà ní ọmọ òun.

Ọdẹkúnlé dìde. "Kí ni kò ní lè ṣe?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kò sí, sà."

Ó kọjú sí àwọn àgbẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ẹṣin fún yín, tó ní kì í jẹun, kì í mumi, kì í yàgbẹ́, ẹ fọwọ́ kàn án dáadáa. Igi ni. Èmi ò lè fún yín ní ohun gbogbo. Èmi á bi yín léèrè: ṣé kó yára lẹ fẹ́ jù, tàbí kó má ṣe sọ orúkọ ẹnikẹ́ni nù láé? Ẹ mú ọ̀kan síwájú, kí ìkejì tẹ̀ lé e."

Bàrúwà ní méjèèjì ni àwọn ń fẹ́, kó sì máa sọ̀rọ̀ jáde. Màmá Sàlímọ́tù ní kò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ nù, bó bá wù ú kó máa fà bí ìgbín. Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí iná lọ, tí àwòrán ara ògiri sì pòórá. Àwọn ọmọ Èkó ní kí wọ́n fún àwọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn wákàtí méjì, Ọdẹkúnlé fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n pé, "Bí iná bá lọ ńkọ́?" Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku Ìwòyè. Ẹni tó bá mọ ẹnu bodè yẹn mọ̀ pé bí o bá rìn síwájú díẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ á já fóònù rẹ gbà, kò ní gbé iṣẹ́ kankan lọ sílé mọ́. Ọdẹkúnlé fẹ́ mọ oko tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí Ṣàíbù á máa túlẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rìn nínú igbó pẹ̀lú fóònù méjì, tó ń na ọwọ́ sókè, tó ń na ọwọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn aṣọ́bodè mú un.

Ọ̀gá wọn tú báàgì rẹ̀. Ó bá páálí ṣọ́ọ̀kì méjì níbẹ̀ àti ìwé tó kún fún roboto àti ọfà. "Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ẹrù òfin kọjá rèé," ọ̀gá náà wí.

"Rárá o, ọ̀gá," Ọdẹkúnlé dáhùn, ó ń fi ìka tọ́ka. "Màmá Sàlímọ́tù nìyí. Bàrúwà nìyí. Èyí tó tóbi yìí ni Alága, òun ló ti kú."

"Ta ló pa á?"

"Èmi ni."

Wákàtí mẹ́rin ló lò lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n pe Alága lórí fóònù kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, fóònù ò sì lọ, nítorí nẹ́tíwọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ ti gbà á. Wọ́n ní láti rán ọlọ́kadà dé Ayétòrò. Ìrọ̀lẹ́ ni Àlàájì Mùnírù gúnlẹ̀ sí Ìwòyè, eruku bo fìlà rẹ̀, ó dúró níwájú ọ̀gá aṣọ́bodè, ó ní, "Èmi ni òkú tí wọ́n ń wí." Lọ́nà ilé, tí àwọn méjèèjì fún ara wọn mọ́ orí ọ̀kadà kan, Ọdẹkúnlé ń kọrin. Ó ti rí ohun tó ń wá: fóònù awakọ̀ gbọ́dọ̀ di oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan dání, ìyẹn orúkọ gbogbo ẹni tó kàn lọ́sẹ̀ náà, kó lè máa ṣiṣẹ́ lọ títí á fi padà sílé. Alága ní òun gbọ́, àmọ́ kó jọ̀ọ́, kó má pa òun mọ́.

Sọ́fítíwíà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, katakata dé oko àwọn obìnrin Imasayi kí òjò kẹta tó rọ̀. Màmá Sàlímọ́tù gbé ìyàrá ọmọ rẹ̀ kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kejì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó ń pè é ní Àbúrò.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀, òun ló sì fẹ́ lé Rodiat padà sí Ìlaró. Bó bá ti di Ọjọ́bọ̀, Ọdẹkúnlé á pa fóònù rẹ̀, á sọdá títì lọ sí ìsọ̀ Jẹ̀mílátù tó ń dín dùndú, á jókòó, á kọjú sí ọ́fíìsì. Iṣẹ́ á dàrú. Orúkọ méjì á jáde fún oko kan. Ṣàíbù á máa pè láti ojú ọ̀nà. Rodiat á yọjú síta, á pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ kọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣí ilé ìpamọ́ yẹn sí?" Ọdẹkúnlé á máa wo ojú ọ̀run.

"Bàbá Ńkọ́," Jẹ̀mílátù á wí, "wọ́n ń pè yín."

"Mo ti kú," á dáhùn. "Fi ata sí i."

Rodiat bínú. Lọ́jọ́ kan, ó sọdá bá a, ó bá a wí pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní àgbàlagbà kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọdé kó máa jẹ dùndú. Ọdẹkúnlé gé dùndú kan fún un. Rodiat jẹ ẹ́, ó ń sunkún, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dá a lójú pé ọ̀lẹ ti ń wọ ọkùnrin náà lára. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, á dé bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí, á bi í pé báwo ló ṣe ṣe é, á gbọ́ ọ dópin, á fa ilà kékeré kan sínú ìwé rẹ̀, á dìde. Ọdún kan àti ààbọ̀ lèyí fi rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, nínú ọyẹ́, Ọdẹkúnlé ní àyà ń dun òun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Kí oòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó wọ̀, ó ti lọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ọjọ́ a bá kú làá dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè: Bàrúwà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bí òun àti olóògbé ṣe jọ ronú kan sọ́fítíwíà náà. Àmọ́ Alága ò lè sọ púpọ̀. Ó dúró lẹ́bàá sàréè, ó ní, "Ọmọ yìí ti pa mí rí, mo sì dìde. Kó dìde, kó jẹ́ ká jọ máa lọ sílé." Àwọn tó fẹ́ rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀, wọn ò lè parí rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ wá já lé Rodiat lórí. Lóṣù kẹta, àwọn àgbẹ̀ ní sọ́fítíwíà náà ń lọ́ra, ó sì tún apá kan rẹ̀ ṣe kó lè yára. Kò dán an wò lẹ́yìn náà. Kò fa roboto, kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó máa ń pa wọ́n ti wà nínú ilẹ̀, kò sì wù ú kó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì.

Oṣù kẹrin dé, òjò dé. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, àrá sán lu òpó iná Ayétòrò, ẹ̀rọ tó wà ní ọ́fíìsì sì jóná. Nígbà tí Rodiat ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òórùn wáyà jíjó ló pàdé rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló kan àwọn obìnrin Imasayi. Màmá Sàlímọ́tù ti gun ọ̀kadà wá sípàdé ẹgbẹ́ láti ìdájí, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bàrúwà ní tiẹ̀ ti gbọ́. Ìwé àtijọ́ wà ní abíyá rẹ̀, ó ti nu eruku ara rẹ̀ nù.

"A ò lè dúró de kọ̀ǹpútà," Bàrúwà wí, ó ṣí ìwé. "Ẹ jẹ́ ká máa lo èyí ná, fún ọdún yìí nìkan."

"Ìwé yẹn máa sọnù lọ́la," Màmá Sàlímọ́tù dáhùn. "Mo mọ̀ ọ́n."

Alága yíjú sí Rodiat. "Ọmọ mi, Ọdẹkúnlé sọ pé bí mo bá kú, ti Imasayi á gba iṣẹ́. Mo ti kú báyìí. Ṣé ó gbà á?"

Rodiat fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó tún ṣe lóṣù kẹta kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Bí òun bá ti ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyí tún ń padà sídìí ọkọ́, òun ló sì fà á. Ó pe Ṣàíbù. Fóònù dún títí, Ṣàíbù ò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e. Bàrúwà ti kọ orúkọ àkọ́kọ́ sínú ìwé, orúkọ àbúrò rẹ̀ ni.

Rodiat ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó sáré padà sí ọ́fíìsì, ó fa ìwé pílánì Ọdẹkúnlé yọ nínú dúrọ́ọ̀, bóyá ó máa rí ibi tó kọ ìdáhùn sí. Ó ń ṣí i láti ẹ̀yìn wá. Ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ohun tó yà ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Gbogbo roboto tó mọ̀ ló wà níbẹ̀, ti Alága, ti Bàrúwà, ti Màmá, ti Ṣàíbù, ti òun fúnra rẹ̀. Láàárín wọn, ó rí ọ̀kan tó tóbi ju ti Alága lọ, tí kò rí rí. Ọfà gbogbo wọn ń lọ síbẹ̀. Orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ni Ọdẹkúnlé. Ìbéèrè kan wà lábẹ́ rẹ̀: "Bí Ọdẹkúnlé bá kú ńkọ́?"

Lábẹ́ ìbéèrè náà, ó to àwọn Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti iye ìgbà tí wọ́n pè é. Ìgbà mọ́kànlá. Ìgbà mẹ́sàn-án. Níbì kan, ó kọ ọ́ pé: "Ó sunkún lónìí. Mo fẹ́ dáhùn. Mi ò dáhùn." Ìgbà mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn bọ́ sí oṣù kejìlá. Ohun tó kọ síwájú rẹ̀ ni: "Rodiat ò pè mí rárá. Ó ti tó." Ó sì fi ilà kan pa roboto tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí rẹ́.

Rodiat jókòó sórí àga rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí ẹkún bọ́. Ìdáhùn tó wá ò sí nínú ìwé, àmọ́ ó ti rí i pé ọkùnrin náà kò retí kó wá a níbẹ̀. Ó nu ojú, ó padà sípàdé, ó dúró níwájú wọn. "Bàbá Alága," ó wí, "mi ò mọ̀ bóyá ó gbà á. Mo tún nǹkan kan ṣe, mi ò sì dán an wò. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jẹ́ kí n gun ọ̀kadà lọ sí Imasayi báyìí, ohun tí mo bá bá níbẹ̀, màá tún un ṣe kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má kọ orúkọ kankan síwèé."

Fóònù Màmá Sàlímọ́tù dún kí Bàrúwà tó dáhùn. Ọmọ rẹ̀ ló ń pè láti oko. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ débi pé gbogbo ìpàdé ń gbọ́ ọ. Màmá gbọ́ ọ tán, ó fi fóònù mọ́ àyà.

"Ó ní ibo ni mo wà," ó wí. "Ó ní láti aago méje ni katakata ti wà nínú oko wa. Wọ́n ti túlẹ̀ dé ààbọ̀."

Ṣàíbù ò mọ̀ pé ohunkóhun kú. Láàárọ̀, fóònù rẹ̀ pe Ayétòrò, Ayétòrò ò dáhùn, ó pe Àbúrò nínú ilé Màmá, Àbúrò ní Imasayi ló kàn. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni ò jẹ́ kó gbọ́ ìpè Rodiat. Ohun tí Rodiat tún ṣe lóṣù kẹta ò sì ba nǹkan kan jẹ́, nítorí Ọdẹkúnlé ti fi ògiri sáàárín apá tó ń yára àti apá tó ń pa orúkọ mọ́ láti ọjọ́ ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ògiri tí Rodiat bá a jiyàn lé lórí fún ọ̀sẹ̀ kan pé kí ló wà fún. Bàrúwà pa ìwé rẹ̀ dé. Alága na ọwọ́ sí i, ó gba ìwé náà, ó fi sábẹ́ itan ara rẹ̀, ó jókòó lé e.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé Ayétòrò, Rodiat ṣí ìwé pílánì sí ojú ewé tuntun. Ó fa roboto kan, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bí Rodiat bá kú ńkọ́?" Ọ̀sẹ̀ kejì ló gba Afeezat síṣẹ́, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnrú ìlú dé, ó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀ fún oṣù kan gbáko.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Rodiat pa fóònù rẹ̀. Ó sọdá títì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó sí láti ìgbà tí Ọdẹkúnlé ti kú. Kò pẹ́ tí Afeezat fi yọjú síta, tó ń pariwo pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ méjì ló jáde."

Rodiat gbé ojú sókè, ó ń wo ojú ọ̀run.

Jẹ̀mílátù yíjú láti ìdí epo. "Rodiat, wọ́n mà ń pè ẹ́."

"Mo ti kú," Rodiat wí. "Fi ata sí i."

Jẹ̀mílátù ò rẹ́rìn-ín. Ó bu ata sí i, ó fi ẹyọ dùndú kan lé e, ó sì gbé ẹyọ kan sọ́tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí ọkùnrin náà máa ń jókòó sí.